Degania, Oko Tí Kò Ní Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ oko ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ oko náà jìnnà sí wa díẹ̀. Ó wà níbi tí Odò Jọ́dánì ti ń jáde láti inú Òkun Gálílì, òkun tí gbogbo ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún odò ni, tí omi rẹ̀ sì ṣeé mu. Degania ni orúkọ oko náà. Ọdún 1910 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn abúlé tí àwọn ará Ísírẹ́lì ń pè ní kibbutz, níbi tí ilẹ̀, ilé, màálù àti owó ti jẹ́ ti gbogbo ará abúlé lápapọ̀.

Àwọn tó bá gbọ́ orúkọ kibbutz máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló jókòó, tó kọ òfin sílẹ̀, tó wá kó èèyàn jọ láti máa tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjà láàárín alábòójútó oko àti àwọn lébìrà rẹ̀ ló bí Degania. Àríyànjiyàn ló sì tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà láyé ìgbà náà, ojú àwọn Júù rí màbo. Lọ́dún 1903, ní ìlú Kishinev, àwọn jàǹdùkú ya wọ àdúgbò àwọn Júù, wọ́n pa èèyàn, wọ́n jí ẹrù, wọ́n ba ilé jẹ́. Lọ́dún 1905 irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn Júù kó ẹrù wọn, wọ́n forí lé Amẹ́ríkà. Ìwọ̀nba àwọn ọ̀dọ́ kan ní tiwọn ní ilẹ̀ àwọn baba ńlá àwọn ni àwọn ń lọ, ìyẹn Palẹ́sìnì, tó wà lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì ti àwọn ará Tọ́kì nígbà náà. Láàárín ọdún 1904 sí 1914, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló dé síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì lè dúró. Ooru, ibà àti ebi lé wọn padà.

Ọmọ oníṣòwò, ọmọ olùkọ́, ọmọ ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Wọn ò mọ bí a ṣe ń di ọkọ́ mú. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá àwọn Júù mìíràn tó ti ṣíwájú wọn dé láti nǹkan bí ọdún 1882, tí wọ́n ti ní oko èso àjàrà àti ọsàn. Àwọn yẹn ò fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ ń bó ṣe, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Lárúbáwá tó mọ iṣẹ́ dénú wà nítòsí, tí owó tí wọ́n ń gbà kò sì pọ̀? Lójú tèmi, mi ò lè dá àwọn olóko náà lẹ́bi.

Àwọn kan wà nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí tí wọ́n wá láti ìlú kan tó ń jẹ́ Romny, ní apá ibi tó di Yukréìnì lónìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lébìrà ní Hadera, ìlú tí ẹ̀fọn àbàtà rẹ̀ ti pa èèyàn púpọ̀. Wọ́n dá ọgbọ́n kan láàárín ara wọn. Owó iṣẹ́ gbogbo wọn ń wọ inú àpò kan ṣoṣo, ìkòkò kan ni wọ́n ń sè, bí ara ẹnì kan kò bá sì yá, àpò yẹn kan náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Àáró kọ́ nìyẹn o. Nínú àáró, oko tèmi jẹ́ tèmi, oko tìrẹ jẹ́ tìrẹ, ọwọ́ nìkan la ń yá ara wa. Tiwọn kọjá ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ní nǹkan kan lọ́tọ̀.

Lápá kejì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arthur Ruppin. Jámánì ló ti wá, ó kàwé òfin, ó sì mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé. Lọ́dún 1908 ló ṣí ọ́fíìsì sí ìlú Jáffà láti máa bójú tó bí àwọn Júù ṣe ń tẹ̀dó. Lọ́dún yẹn kan náà, ó dá oko ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Kinneret, létí adágún Gálílì, ó sì fi onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Berman ṣe alábòójútó. Berman mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun àti àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n ní ó ń pàṣẹ lé àwọn lórí bí ẹrú. Òun ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ju iṣẹ́ wọn lọ. Lọ́dún 1909, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí Ruppin nìyí. Kò lé gbogbo wọn lọ, kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni yóò ṣẹ. Ilẹ̀ kan wà lódìkejì Odò Jọ́dánì, ní Umm Juni, tí àjọ tí àwọn Júù káàkiri ayé ń dá owó sí ti rà. Ó mú díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bínú yẹn, ó ní kí wọ́n lọ dá ilẹ̀ náà ro fún ọdún kan láìsí alábòójútó lórí wọn. Owó oṣù wọn yóò máa wọlé, bí èrè bá sì wà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ọdún pé, èrè wà. Oko Kinneret tó ní ọ̀gá ń pàdánù, oko Umm Juni tí kò ní ọ̀gá ń jèrè.

Àwọn tó ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ yẹn kò fẹ́ jókòó síbẹ̀ pẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ni Ruppin bá ránṣẹ́ sí àwọn ará Romny tó wà ní Hadera. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1910, wọ́n dé: ọkùnrin mẹ́wàá, obìnrin méjì. Wọ́n gba ohun èlò oko àti àwọn ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Joseph Bussel, tó jẹ́ ọpọlọ ẹgbẹ́ náà, kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Joseph Baratz, tó di agbẹnusọ wọn nígbà tó yá, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ oko náà ní Degania, orúkọ tí wọ́n yọ láti ara ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún ọkà.

Ilé amọ̀ tí wọ́n bá ní Umm Juni ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ilẹ̀ yẹn relẹ̀ ju ojú òkun lọ, ó lé ní igba mítà, nítorí náà ooru ibẹ̀ kọjá sísọ. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ bó ṣe yẹ. Ibà kò sì dáwọ́ dúró. Ó wọ́pọ̀ pé kí ìdajì ẹgbẹ́ wà lórí ẹní, kí ìdajì tó kù máa ṣiṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n tún máa se ẹ̀kọ fún aláìsàn. Kò sì yẹ ká fo èyí o: ilẹ̀ náà kì í ṣe aginjù tí kò séèyàn. Àwọn àgbẹ̀ Lárúbáwá ti ń dá oko níbẹ̀ kí ilẹ̀ náà tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ra ilẹ̀ àti ẹni tó ń ro ilẹ̀, àwa náà mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Miriam fún yín ná. Ọ̀kan nínú obìnrin méjì yẹn ni. Miriam Ostrovsky lorúkọ rẹ̀ kó tó di ìyàwó Joseph Baratz. Ẹgbẹ́ tó ní kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú, kí ni wọ́n fún obìnrin ṣe? Ilé ìdáná àti aṣọ fífọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin kàn dìde láàárọ̀, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n lọ, ìkòkò sì kù sílé. Miriam ní òun kò gbà. Ó ní iṣẹ́ màálù ni òun fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, pé agbára obìnrin kò ká a. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó yọ́ jáde lọ sí abúlé àwọn Lárúbáwá tó wà nítòsí, ó bẹ àwọn obìnrin ibẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun bí a ṣe ń fún wàrà. Àwọn obìnrin yẹn kọ́ ọ. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbé korobá, ó wọ ilé màálù. Kí àwọn ọkùnrin tó dé, wàrà ti kún korobá.

Ẹnu àwọn ọkùnrin wọhò. Láti ọjọ́ náà, ilé màálù di ti Miriam, ó sì wà nídìí iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn ogun tí wọ́n máa ń sọ nípa Degania lọ. Ẹni tó ran obìnrin Júù náà lọ́wọ́ láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tirẹ̀, obìnrin Lárúbáwá ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wá le ju ti màálù lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ dábàá nínú ìpàdé wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbéyàwó fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, kí oko lè kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún. Miriam àti Joseph ṣe ìgbéyàwó, nígbà tó sì di ọdún 1913, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Gideon, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní kibbutz. Miriam kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń gbé ọmọ náà lọ síbi iṣẹ́, eṣinṣin ń bo ọmọ, àwọn tó kù ń wò ó. Ọmọ kejì dé, ọmọ kẹta dé, ìbéèrè sì wọ inú yàrá ìjẹun wọn: ta ló ni ọmọ? Bí ìyá bá fi oko sílẹ̀ tó ń tọ́ ọmọ, ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ ni àbí ti ara rẹ̀ ló ń ṣe? Ta ni yóò ra bàtà ọmọ?

Bussel dìde, ó ní ọmọ tí a bí nínú ẹgbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò tọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan. Kí àpò àpapọ̀ máa sanwó ohun tí ọmọ nílò, kí àwọn obìnrin kan máa tọ́jú àwọn ọmọ lójúmọ́, kí ìyá lè lọ sí oko. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ kibbutz mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé àwọn ọmọ, níbi tí àwọn ọmọdé ń sùn mọ́jú láìsí bàbá, láìsí ìyá, tó jẹ́ pé olùṣọ́ kan ló ń yí ká lóru láti gbọ́ ẹni tó ń sunkún. Àwọn ọmọ yẹn dàgbà, ẹnu wọn kò sì kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ayé ìgbádùn ni, àwọn mìíràn ní ìbẹ̀rù òru yẹn kò kúrò lára àwọn títí di àgbà. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ètò náà ti kógbá sílé. Èmi ò rò pé ohun tí Bussel ní lọ́kàn nìyẹn. Ìyá tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ń wá ọ̀nà fún, kì í ṣe ọmọ ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn ń wọlé, àwọn èèyàn ń jáde. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi máa bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti tó bí àádọ́ta. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ A. D. Gordon. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni nígbà tó dé láti Rọ́ṣíà lọ́dún 1904, akọ̀wé ló sì ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó gbé ọkọ́ bí àwọn ọmọ kéékèèké tó lè bí. Lójú rẹ̀, ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ilẹ̀ kò lè sọ pé òun ní ilẹ̀. Ọ̀sán ló ń ro oko, òru ló ń kọ̀wé. Degania ló kú sí lọ́dún 1922.

Akéwì obìnrin kan náà gbé ibẹ̀, Rachel Bluwstein, tí àwọn ará Ísírẹ́lì kàn ń pè ní Rachel. Ọdún 1919 ló dé Degania, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà hàn síta, ẹgbẹ́ ní kò lè máa gbé láàárín àwọn ọmọ mọ́, ó ní láti lọ. Ẹgbẹ́ tó ní àpò kan làwọn fi ń tọ́jú aláìsàn o. Ẹ̀rù pé kí àìsàn ran ọmọ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, òun nìkan ló mọ bó ṣe rí lára. Ó kú lọ́dún 1931, wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Kinneret létí adágún tó fẹ́ràn. Lónìí, àwòrán rẹ̀ wà lára owó ogún ṣékélì.

Mo ti ní ẹ̀jẹ̀ dà. Lọ́dún 1913, ọ̀kan nínú wọn, Shmuel Dayan, wà lórí àìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Moshe Barsky gun ẹran lọ wá oògùn fún un. Kò padà wá. Àwọn Lárúbáwá kan ló pa á lọ́nà. Nígbà tí ìyàwó Shmuel bímọ ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, wọ́n sọ ọmọ náà ní Moshe láti fi rántí rẹ̀. Ọmọ náà ni Moshe Dayan, ọ̀gágun olójú kan tí gbogbo ayé wá mọ̀. Bussel pẹ̀lú kò dàgbà. Ọdún 1919 ló bá omi adágún lọ, nígbà tó ń bọ̀ láti Tìbéríà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ogun parí, àwọn Tọ́kì lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìjọba, àwọn Júù mìíràn ń rọ́ wọlé. Ìbéèrè tuntun dé: mélòó ló yẹ ká jẹ́? Àwọn ará Degania gbà pé oko bẹ́ẹ̀ ní láti kéré, kí gbogbo èèyàn lè mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Bí a bá pọ̀ jù, a óò tún nílò ọ̀gá. Nítorí náà, dípò kí wọ́n máa gbèrú, wọ́n gé lára ilẹ̀ wọn fún ẹgbẹ́ mìíràn lọ́dún 1920. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Degania Bet, ìyẹn Degania kejì, tí ti àkọ́kọ́ sì di Degania Alef. Levi Eshkol wà lára àwọn tó dá ti kejì sílẹ̀, ọkùnrin tó di olórí ìjọba Ísírẹ́lì láti ọdún 1963 títí tó fi kú lọ́dún 1969. Àwọn mìíràn kò fara mọ́ kíkéré yẹn. Lọ́dún 1921 ni wọ́n dá Ein Harod sílẹ̀, kibbutz ńlá tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan tún wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ àpò kan náà ti sú. Shmuel Dayan wà lára wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí olúkúlùkù ní oko tirẹ̀, ilé tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀, àmọ́ kí wọ́n jọ máa ra irúgbìn, kí wọ́n jọ máa ta èso, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà ìṣòro. Lọ́dún 1921 kan náà, wọ́n lọ dá Nahalal sílẹ̀ ní àfonífojì Jésírẹ́lì, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú irú abúlé tí wọ́n ń pè ní moshav. Ẹ di orúkọ yìí mú o, moshav, nítorí pé òun ló wá kan ilẹ̀ wa.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká yára kọjá lórí ogun ọdún 1948. Ìtàn rẹ̀ ti pọ̀ ní ìgboro. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn Lárúbáwá tó ń gbé Samakh, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Degania, sá kúrò nílé wọn nínú ogun, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, àwọn ọmọ ogun Síríà gba Samakh. Joseph Baratz àti àwọn mìíràn sáré lọ bá Ben-Gurion, olórí ìjọba tuntun náà, pé kó fún àwọn ní ọmọ ogun àti ìbọn ńlá. Ó ní kò sí, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni ogun dé bá. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ní ìdájí, àwọn ọmọ ogun Síríà kọlu Degania pẹ̀lú táńkì. Nǹkan bí àádọ́rin èèyàn ló ń ṣọ́ abúlé náà. Táńkì kan já wọ inú ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, ìbọn ńlá àtijọ́ mélòó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ará Síríà sì padà sẹ́yìn. Ọ̀gágun tí wọ́n rán wá sí agbègbè náà ni Moshe Dayan, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Táńkì náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, nítòsí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń gùn ún. Wọ́n ti jiyàn tipẹ́ lórí ẹni tó dá a dúró.

Ohun tí táńkì kò lè ṣe, gbèsè ṣe é. Lẹ́yìn ogun, Degania rọ́wọ́ mú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso ọ̀pẹ déètì, wàrà, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì sí lẹ́nu. Lọ́dún 1981, orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ tí ìjọba ń fún àwọn tó ṣiṣẹ́ takuntakun fún àwùjọ. Ṣùgbọ́n lásìkò kan náà, ọ̀wọ́n gógó ń jó orílẹ̀-èdè náà lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 1984, iye owó ọjà ju ìlọ́po mẹ́rin lọ láàárín ọdún kan. Àwọn kibbutz ti yá owó rẹpẹtẹ ní báǹkì, wọ́n gbà pé ọ̀wọ́n gógó ni yóò jẹ gbèsè náà fún àwọn. Nígbà tí ìjọba wá gbé ètò kalẹ̀ lọ́dún 1985 láti fòpin sí i, owó èlé fò sókè, gbèsè sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Tel Aviv, tí wọ́n ń ná owó tí wọ́n fi òógùn wọn ṣe, wọ́n sì ń lọ.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Degania, ìráhùn tó wáyé yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ń mú wá ń wo ẹni tí kì í mú wá. Dókítà àti ẹni tó ń fọ abọ́ ń gba iye kan náà. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ fún wàrà ń bínú sí ẹni tí kì í jí. Wọ́n jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n dán ètò tuntun wò fún ọdún kan, nígbà tó sì di ọdún 2007, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dìbò pé kí olúkúlùkù máa gba owó tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Wọ́n ń yọ owó orí lára ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ láti fi ran àwọn àgbàlagbà àti aláìlera lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé kọ ọ́ pé ìyá gbogbo kibbutz ti kú. Èmi ò gbà pé ó kú. Àádọ́rùn-ún ọdún ó lé ni wọ́n fi jẹ láti inú àpò kan. Ẹ ka iye ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ tó pé ogún ọdún láìjẹ́ pé akápò sá lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tiwa. Lọ́dún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tó jáde ilé ìwé fi pọ̀, tí wọ́n kò fẹ́ padà sí oko bàbá wọn, tí iṣẹ́ kò sì tó nígboro. Olóyè Akin Deko, mínísítà fún ètò ọ̀gbìn nígbà náà, lọ sí Ísírẹ́lì láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kì í ṣe kibbutz ló wù wọ́n láti mú wá sílé. Moshav ni, irú èyí tí Shmuel Dayan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Nahalal nígbà tí àpò kan sú wọn. Láti ọdún 1959, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko sẹ́tílímẹ́ǹtì sílẹ̀: Ilọ́rà, Akùfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́, Odẹ́dá àti àwọn mìíràn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n yá wọn lówó kí wọ́n lè gbin kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti ọsàn, kí wọ́n sì sin adìyẹ.

Ètò náà dára lórí ìwé. Àmọ́ owó tó ná ìjọba lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ púpọ̀, kòkó kì í sì í so lọ́dún kan, gbèsè ń ga, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì kó ẹrù wọn padà sígboro kí ọdún 1969 tó parí. Àwọn tó dúró wà o, àwọn kan sì ṣe rere. Èrò tèmi nìyí: àwọn kan nínú àwọn tó dá Nahalal sílẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn ní Degania kí wọ́n tó mọ irú abúlé tí wọ́n fẹ́. Àwọn fúnra wọn ló yan ara wọn. Ní tiwa, ìjọba ló yan èèyàn, ìjọba ló yan ilẹ̀, ìjọba ló yan irúgbìn, ìjọba náà ló tún fi alábòójútó lé wọn lórí, irú alábòójútó tó mú kí àwọn ará Kinneret da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1909. Mi ò dá Akin Deko lẹ́bi. Ó ń wá iṣẹ́ kíákíá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, kò sì ní ọ̀pọ̀ ọdún láti fi dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wa dé láti Nahalal, ilé àti pápá ni. Àríyànjiyàn tó kọ́ ilé náà kò bá a wá.

Lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ kan àti òmíràn tún ń sọ pé àwọn fẹ́ jí àwọn oko sẹ́tílímẹ́ǹtì wọ̀nyí dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ilọ́rà, Akùfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ fún, ọ̀dọ̀ yín la ti fẹ́ gbọ́. Ta ló ń ta èso fún yín? Ta ló ń pàṣẹ? Báwo lẹ ṣe san gbèsè ìjọba, àbí ẹ ò tíì san án? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wa, tàbí kẹ́ ẹ pè wá nígbà tí ètò yìí bá parí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àsìkò yìí kan náà, ohùn yín ni a óò fi bẹ̀rẹ̀.